Obìnrin Amí Wo Ni Ẹ Ó Fi Kọ Ìtàn-Àròsọ? Ìfiwéra Ìgbésí-Ayé Mẹ́rin

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn-àròsọ nípa obìnrin tó ṣe amí nígbà ogun, tó sì fẹ́ kí ìtàn náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ní iṣẹ́ pàtàkì kan láti ṣe kí ó tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Iṣẹ́ náà ni yíyan obìnrin tí yóò kọ nípa rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń ṣubú. Òǹkọ̀wé á gbọ́ orúkọ kan, á rí àwòrán kan, ọkàn rẹ̀ á fà sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì béèrè bóyá ohun tí a mọ̀ nípa obìnrin náà pọ̀ débi tí àròsọ kò fi ní àyè mọ́, tàbí ó kéré débi pé irọ́ ni yóò fi dí i. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé obìnrin mẹ́rin kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Mary Richards, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Mary Bowser, nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, Louise de Bettignies, ọmọ ilẹ̀ Faransé, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àti Noor Inayat Khan pẹ̀lú Virginia Hall nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn tí òkìkí wọn ti kàn sílẹ̀. Josephine Baker, akọrin àti oníjó tó fi yíǹkì tí ojú kò lè rí gbé ìròyìn kọjá ẹnubodè lórí ìwé orin rẹ̀, ti wọ Panthéon, ilé ìrántí àwọn ẹni ńlá Faransé ní Paris, ní 2021, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ẹni ìgbàgbé mọ́. Mata Hari, oníjó tí àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa fún ẹ̀sùn amí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1917, ni mo sì yẹra fún jù lọ, nítorí ìtàn rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé obìnrin kò lè ṣe amí àfi tó bá fi ara rẹ̀ ṣe ìjẹ fún ọkùnrin. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí ẹwà. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé àwọn alágbára ayé kò kà wọ́n sí: ọ̀kan jẹ́ ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, èkejì jẹ́ obìnrin tó ń kọ́ ọmọ olówó ní ilé wọn, ẹ̀kẹta ń kọ ìtàn fún àwọn ọmọdé, ẹ̀kẹrin sì ń fi ẹsẹ̀ onígi rìn.

Ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá yóò ti máa ronú nípa Mọrèmi báyìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé ó jẹ́ kí àwọn ará Ugbò tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú mú òun lọ, ó di aya ọba wọn, ó rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó fi ìko bora ni àwọn tí ará Ifẹ̀ ń sá fún bí ẹbọra, ó sá padà wálé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ògùṣọ̀ pàdé wọn, ó sì fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, san ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ọdún Ẹdì ń rántí rẹ̀, ère rẹ̀ gíga sì ti dúró ní Ilé-Ifẹ̀ láti 2016. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ìyàtọ̀ kan tí yóò wúlò fún wa nínú gbogbo ohun tó kù. Ìtàn atẹnudẹ́nu ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ń tún un sọ kò ní ìwé ilé ẹjọ́ kankan tí yóò tako. Àwọn mẹ́rin tí mò ń sọ yìí ní lẹ́tà, wọ́n ní fáìlì, wọ́n ní ọjọ́ ìmúni àti ọjọ́ ikú, òmìnira tí a ní lọ́dọ̀ Mọrèmi kò sì sí lọ́dọ̀ wọn.

Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe

Ẹrú ni wọ́n bí Mary Richards sí, nínú ilé Van Lew ní ìlú Richmond, ní Virginia. Elizabeth Van Lew, ọmọbìnrin ilé náà, kórìíra ìkónilẹ́rú. Ó rán Mary lọ sí Àríwá Amẹ́ríkà láti kàwé, ó sì rán an lọ sí Làìbéríà ní 1855 láti ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì. Mary padà sí Richmond ní 1860. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tí Richmond sì di olú-ìlú àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó fẹ́ ya kúrò kí wọ́n má bàa pàdánù ẹrú wọn, Elizabeth kó àwọn amí jọ láàárín ìlú náà gan-an láti máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Àríwá, Mary sì wà lára wọn. Yorùbá ní ògiri létí. Ní Richmond ìgbà náà, ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ni ògiri ọ̀hún: iwájú rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ogun ti ń sọ ohun gbogbo, nítorí kò wá sí wọn lọ́kàn pé ó lè kàwé, ká má tilẹ̀ sọ pé ó lè rán ìròyìn.

Iṣẹ́ Louise de Bettignies jẹ́ ti olùdarí. Wọ́n bí i ní 1880 ní Saint-Amand-les-Eaux, ó gbọ́ èdè púpọ̀, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ńlá ní ilé wọn ní oríṣiríṣi ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí àwọn ará Jámánì gba Lille ní oṣù Kẹwàá ọdún 1914, ó kọjá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀gá amí Bírítéènì ní Folkestone sì fún un ní ẹ̀kọ́ àti orúkọ tuntun: Alice Dubois. Ó padà sí àríwá Faransé, ó sì kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ. Àwọn kan ń ka ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ọmọ ogun kọjá, àwọn mìíràn ń ṣọ́ ibi tí wọ́n gbé àgbá ìbọn ńlá sí. Wọ́n ń kọ ìròyìn náà tín-ín-tìn-ìn sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Léonie Vanhoutte, tí orúkọ amí rẹ̀ ń jẹ́ Charlotte, sì ń gbé e gba Bẹ́ljíọ̀mù kọjá sí ilẹ̀ Netherlands tí kò dá sí ogun náà. Ẹ má gbàgbé pé ní 1915 yẹn ni àwọn ará Jámánì fi wáyà iná tí ń pani dí ẹnubodè náà.

Noor Inayat Khan ni ẹni tí ènìyàn kò ní fura sí rárá. Wọ́n bí i ní Moscow ní ọjọ́ kìíní ọdún 1914. Ọmọ Íńdíà ni bàbá rẹ̀, akọrin àti olùkọ́ ẹ̀sìn Súfì, ìran Tipu Sultan, ọba kan ní gúúsù Íńdíà láyé àtijọ́, sì ni. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀bá Paris ló ti dàgbà, ó sì ń kọ ìtàn ọmọdé. Ẹbí rẹ̀ sá wá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1940, ó wọ iṣẹ́ ológun òfúrufú gẹ́gẹ́ bí olùtẹ rédíò, ibẹ̀ sì ni SOE ti rí i, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ogun abẹ́lẹ̀ tí ìjọba Bírítéènì dá sílẹ̀ ní 1940. Ní òru ọjọ́ 16 mọ́jú ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1943, ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan gbé e sọ̀ sí pápá kan ní Faransé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ láti tẹ rédíò.

Ó yẹ kí òǹkọ̀wé mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ìtàn náà wà. Inú àpótí aṣọ ni ẹ̀rọ náà ń gbé, ó wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 15, ó sì ní wáyà gígùn tí a gbọ́dọ̀ ta jáde kí àmì tó lọ. Ọkọ̀ àwọn ará Jámánì ń yí àdúgbò ká pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tọ́ka sí ibi tí àmì náà ti ń wá. Bí olùtẹ rédíò bá pẹ́ jù lórí ẹ̀rọ, wọn yóò mọ àdúgbò, wọn yóò mọ òpópónà, wọn yóò sì kan ilẹ̀kùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí Noor dé, àwọn ará Jámánì kó àwọn tó yẹ kó bá ṣiṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku òun nìkan tó ń bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ láti Paris. Wọ́n ní kí ó padà wálé, ó ní òun kò lọ. Láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹwàá ló ń gbé àpótí náà láti ilé dé ilé, kí ẹnì kan tó tà á fún àwọn ọ̀tá.

Ti Virginia Hall jẹ́ iṣẹ́ gígùn. Ọmọ Baltimore ni, ọdún 1906 ni wọ́n bí i. Ìbọn tó yìn lójijì nígbà tó lọ ṣọdẹ ní ilẹ̀ Tọ́kì ní 1933 ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì lábẹ́ orúnkún, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì lo ẹsẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ìdí tí kò fi lè di aṣojú ìjọba. Bírítéènì gbà á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941 ó wọ Faransé bí akọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan, ó fi Lyon ṣe ibùjókòó, ó ń wá ilé ìfarapamọ́, owó àti ìwé ìrìn-àjò fún àwọn amí mìíràn. Ó wà nídìí ètò tí ọkùnrin méjìlá fi jáde kúrò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Mauzac ní oṣù Keje ọdún 1942, ètò tí ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà fi agolo sadín-ìn kó irinṣẹ́ wọlé fún. Nígbà tí àwọn ará Jámánì ya bo gúúsù Faransé ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó fi ẹsẹ̀ rìn gba orí àwọn òkè Pyrenees nínú yìnyín lọ sí Sípéènì. Ó padà ní oṣù Kẹta ọdún 1944, lọ́tẹ̀ yìí fún Amẹ́ríkà, ó múra bí arúgbó, ó sì ń bá àwọn ọmọ ogun ìgbẹ́ ní Haute-Loire ṣiṣẹ́ títí ibẹ̀ fi dòmìnira.

Ohun tó ṣí sílẹ̀ àti ohun tó pa dé

Bí a bá fi iye iṣẹ́ nìkan wé wọn, Virginia Hall ni gbogbo ènìyàn yóò mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtàn-àròsọ kì í ṣe láti tún ka ohun tí fáìlì ti kà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọ ibi tí fáìlì kò dé. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń bi ẹni tó fẹ́ kọ̀wé ní ìbéèrè méjì: kí la mọ̀ nípa ohun tí obìnrin náà ṣe, kí sì la mọ̀ nípa ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀? Ìdáhùn sí méjèèjì kì í sábà rí bákan náà.

Iṣẹ́ Virginia ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọjọ́, ibi, orúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́ àti àlùfáà tó dà á, Robert Alesch, gbogbo rẹ̀ la mọ̀. Ọkàn rẹ̀ ló pa dé. Nígbà tí wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Distinguished Service Cross ní 1945, èyí tí kò sí obìnrin mìíràn tí kì í ṣe ológun tó gbà á nínú ogun náà, ó kọ ayẹyẹ gbangba nítorí ó fẹ́ máa bá iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ lọ. Ó ṣiṣẹ́ ní CIA, ilé-iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, títí di 1966, ó sì kú ní 1982 láì fi bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹni tó bá yàn án ní àtòjọ ìṣẹ̀lẹ̀ tó péye níwájú, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ohùn tí obìnrin náà fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru.

Òdìkejì èyí ni Noor. A mọ ọkàn rẹ̀ ju bí a ti mọ ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ̀ ní Paris lọ. A ní ìtàn ọmọdé tó kọ, ẹ̀rí àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà láàyè lẹ́yìn ogun, àti fáìlì tó wà ní ilé àkójọpọ̀ ìwé ìjọba ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú èyí tí olùkọ́ kan ti sọ pé kò ní làákàyè tó fún iṣẹ́ náà, tí ọ̀gá ẹ̀ka Faransé sì bínú sí ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ohun tó ṣókùnkùn ni àwọn oṣù tó kẹ́yìn. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Pforzheim ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é ní ìyàrá òun nìkan, ó ha ọ̀rọ̀ sí ìdí abọ́ oúnjẹ, ẹlẹ́wọ̀n mìíràn sì rí i. Ìba díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa láti ibẹ̀.

Louise wà láàárín méjèèjì, ó sì ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní: ẹlẹ́rìí tó bá a rìn. Léonie Vanhoutte yè é. Ó sọ ohun tí wọ́n jùmọ̀ ṣe, ọkùnrin tó gba ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì di ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Òǹkọ̀wé tó bá ronú dáadáa yóò rí i pé ẹni tí yóò sọ ìtàn náà ti wà níkàlẹ̀, obìnrin tó lè sọ pé, èmi fúnra mi wà níbẹ̀.

Mary Richards nìkan ni iṣẹ́ àti ọkàn rẹ̀ jọ pa dé, mo sì fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí òun ni wọ́n ti ṣẹ̀ jù. Ìtàn tó gbalẹ̀ sọ pé ó jẹ́ ìránṣẹ́ nínú ilé Jefferson Davis, ààrẹ àwọn ará Gúúsù, pé ó máa ń ka ìwé tó bá wà lórí tábìlì rẹ̀, pé bó bá ti fojú kan ìwé kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àní pé ó gbìyànjú láti dáná sun ilé náà nígbà tó ń sá lọ. Orúkọ náà, Mary Elizabeth Bowser, ti inú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 1911 wá, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ikú Elizabeth Van Lew, láti ẹnu mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń rántí ohun tó ti gbọ́ tipẹ́. Varina Davis, opó ààrẹ náà, ti sọ ṣáájú ìgbà náà pé irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nílé òun. Àwòrán tí gbogbo ènìyàn sì ń lò fún un, ti obìnrin mìíràn ni, ẹni tó kàn jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìgbà tó yàtọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwòrán yẹn sí ẹ̀yìn ìwé yín.

Ohun tí ìwé fi hàn kéré, ṣùgbọ́n ó dùn ju àròsọ lọ. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Jane ní 1846, ní Ṣọ́ọ̀ṣì St John's ní Richmond, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ funfun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ló ti fẹ́ Wilson Bowser ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1861, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí Virginia dìbò láti ya kúrò. Lẹ́yìn ogun, ní 1865, ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì sọ níbẹ̀ pé òun wọ ilé Davis nígbà tí kò sí nílé, bí ẹni tó wá gba aṣọ fífọ̀. Ẹ wo bí èyí ṣe yàtọ̀ sí ìtàn tó gbalẹ̀. Kò sí ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìránṣẹ́ nínú rẹ̀, kò sí iná; obìnrin kan, apẹ̀rẹ̀ aṣọ kan, ilẹ̀kùn tó ṣí ló wà níbẹ̀. Fún òǹkọ̀wé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé yẹn tó odidi orí ìwé kan.

Ó ń yí orúkọ padà, ó sì ń yí ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ padà láti ibì kan dé ibòmíràn. Àwọn kan lè sọ pé òpùrọ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí òfin Virginia ti mú rí nítorí pé ó ń rìn láìní ìwé òmìnira mọ ohun tí orúkọ lè fà bá ènìyàn, ó sì mọ̀ pé ogun tó parí lórí bébà kò tíì parí ní ojú pópó. Yíyí orúkọ padà ni ìwà rẹ̀ tí a mọ̀ dájú jù lọ, orí rẹ̀ ni ìtàn-àròsọ tó dára nípa rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró.

Ibi tí ẹsẹ̀ òǹkọ̀wé ti lè yọ̀

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kòtò tirẹ̀. Ti Virginia ni ẹsẹ̀ onígi. Ó sọ ẹsẹ̀ náà ní Cuthbert, ìtàn bó sì ṣe ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù lójú ọ̀nà òkè Pyrenees pé Cuthbert ń yọ òun lẹ́nu, tí ẹni tó gbà á, láì mọ ohun tó ń sọ, dá a lóhùn pé kí ó mú un kúrò, ti di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ bí ìwé bá gbára lé e jù, obìnrin tó dá àwọn ọkùnrin sílẹ̀ lẹ́wọ̀n yóò di ìtàn nípa ẹsẹ̀. Kòtò kejì lọ́dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ràn án lọ́wọ́ tí wọ́n sì mú nígbà tó ti kọjá lọ, bíi Dókítà Jean Rousset. Ìtàn tó bá tẹ̀ lé e lọ sí Sípéènì láì bojú wẹ̀yìn sí wọn kò pé.

Kòtò Noor ni sísọ ọ́ di ẹni mímọ́. Nítorí ikú rẹ̀ burú, tí ìwà rẹ̀ sì jẹ́ pẹ̀lẹ́, ó rọrùn láti kọ ọ́ bí áńgẹ́lì tí kò ṣe àṣìṣe rí. Ó ṣe é. Ó ń kọ àwọn ìròyìn tó ti rán sínú ìwé kékeré kan, ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nígbà tí wọ́n mú un, wọ́n sì fi ń dá Lọ́ńdọ̀nù lóhùn bíi pé òun ló ń tẹ rédíò náà. Àwọn amí mìíràn bọ́ sọ́wọ́ wọn nítorí rẹ̀, apá kan ẹ̀bi náà sì wà lọ́rùn àwọn ọ̀gá ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò fiyè sí àmì ewu. Síbẹ̀, Hans Kieffer, ọ̀gá àwọn tó bi í léèrè ní 84 Avenue Foch, ibùjókòó wọn ní Paris, jẹ́rìí lẹ́yìn ogun pé kò sọ nǹkan kan fún àwọn, ó sì gbìyànjú láti sá kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá lè gbé àṣìṣe náà àti ìgboyà náà sójú ewé kan náà, láì fi ọ̀kan bo èkejì, ni kí ó mú Noor.

Ti Louise fúyẹ́ jùyẹn. Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè lè ró jù nínú ìwé nípa rẹ̀, nítorí Faransé ti kọ́ ère fún un ní Lille ní 1927, ẹni tó bá sì kọ ìtàn ère kò tíì kọ ìtàn ènìyàn.

Fún Mary, kòtò náà ni ìtàn tó gbalẹ̀ yẹn gan-an. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí àtòjọ àwọn akọni amí ológun Amẹ́ríkà ní 1995, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ kò ní ẹ̀rí. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ lo iná náà tàbí àwọn ìwé orí tábìlì ààrẹ, kí ó sọ ọ́ fún òǹkàwé ní ìparí ìwé pé èyí jẹ́ àròsọ. A kì í bọ̀wọ̀ fún ẹni tí wọ́n fi ìyà gba orúkọ rẹ̀ nípa fífún un ní ìgbésí-ayé ẹlòmíràn.

Bí ìtàn wọn ṣe parí

Louise ni àwọn ará Jámánì mú nítòsí Tournai ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1915. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un ní Brussels ní oṣù Kẹta ọdún 1916, wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n oníṣẹ́ àṣekára, ó sì darí àwọn obìnrin ní ẹ̀wọ̀n Siegburg láti kọ̀ láti ṣe ohun ìjà tí wọn yóò fi pa ará ilé wọn. Ó kú ní Cologne ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọn kò ṣe dáadáa, nígbà tí kò ku ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó lé díẹ̀ lọ kí ogun parí. Noor àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn ni wọ́n yìnbọn pa ní Dachau, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì ní Jámánì, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944. Nínú obìnrin 39 tí ẹ̀ka Faransé ti SOE rán lọ, 13 ni kò padà. Ẹ̀rí méjì tó tako ara wọn ló wà nípa òru tí Noor lò kẹ́yìn, ọ̀kan kún fún ìwà ìkà tó bani lẹ́rù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí òǹkọ̀wé dá kálámù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Virginia la ogun náà já, ó fẹ́ ọkùnrin tó bá pàdé nínú ogun, ó darúgbó. Bí ẹ̀yin bá mọ̀ pé ẹ kò lè gbé ọ̀fọ̀ odidi ọdún méjì tí ìwé kíkọ lè gbà, tirẹ̀ ni kí ẹ mú, kò sí àbùkù níbẹ̀.

Ta ni kí ó mú èwo

Ẹni tí ìwé yìí yóò jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbà níyànjú láti mú Louise: ọdún mẹ́rin péré, agbègbè kan, ọ̀rẹ́ méjì, ẹnubodè kan tí wọ́n ń kọjá léraléra, àti ẹlẹ́rìí tó ṣẹ́kù láti ròyìn. Ó tún ní ìrora kan tó jinlẹ̀: wọ́n ní ọ̀kan nínú ìròyìn rẹ̀ tó kẹ́yìn sọ pé àwọn ará Jámánì ń múra láti kọlu Verdun, ìlú olódi kan ní Faransé, àwọn ọ̀gá ogun Faransé kò sì gbà á gbọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń yára, tí ènìyàn púpọ̀ ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde, tó sì ní sùúrù láti ṣe ìwádìí, yóò gbádùn Virginia. Noor wà fún ẹni tó ti kọ ìwé rí, tó mọ bí a ṣe ń kọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ó bá ti kọ fún ọmọdé rí, yóò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ kíákíá.

Mary Richards ni èmi ì bá mú, pàápàá fún ìwé tí a ó kọ ní Yorùbá. Òun nìkan nínú àwọn mẹ́rin ló gbé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí, ọdún bíi márùn-ún ní Làìbéríà, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò sí olówó ẹrú lórí wọn, kí ó tó padà sí ìlú tí òfin kò tíì kà á sí ènìyàn. Kò sí ẹni tó kọ ohun tó rí níbẹ̀ sílẹ̀ fún wa, bẹ́ẹ̀ ni òjò, ọjà, oúnjẹ àti ìró èdè etíkun yẹn kò ṣàjèjì sí òǹkọ̀wé Yorùbá bó ti ṣàjèjì sí ẹni tó ń kọ̀wé láti Boston. Ibẹ̀ ni àlàfo tí a lè fi òótọ́ dí.

N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ilé Davis, síbẹ̀. Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìlú St Marys ní Georgia, ní 1867, nínú ilé ẹ̀kọ́ tí òun nìkan ń darí fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lóko ẹrú, àgbà àti ọmọdé pọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tí a dá sílẹ̀, tó sọ pé òun mọ ìwà àwọn aláwọ̀ funfun Gúúsù dáadáa nítorí òun ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, pé ohun tí òun ń rí lójú wọn kò dára, kò sì sí òfin tí yóò dáàbò bo ènìyàn níbẹ̀. Ó kọ lẹ́tà mìíràn ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan mọ́.